Ẹ Dá Iye Abúlé Padà fún Abúlé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Ìkànìyàn ní Íńdíà

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìkànìyàn,
New Delhi, Íńdíà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn olùkọ́ ilé ìwé tí ẹ máa rán wọ abúlé lóṣù Kejì ọdún 2027, tí wọn yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwa Yorùbá a máa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn bàbá wa mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ẹni tó bá ka èèyàn ti mú ohun kan lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá wá pọn dandan kí a kà wọ́n, ó yẹ kí ohun tí a mú náà padà sọ́dọ̀ wọn ní pípé. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Kíkà yín dára. Bí iye náà ṣe ń padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé ló kù díẹ̀ káàtó.

Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn nílẹ̀ wa wáyé ní oṣù Kẹta ọdún 2006, wọ́n sì yọ ìbéèrè ẹ̀sìn àti ti ẹ̀yà kúrò nínú fọ́ọ̀mù nítorí ìbẹ̀rù ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ń gbé abúlé bàbá rẹ̀ nílẹ̀ wa, àfojúbù ni. Nítorí náà, tìlara-tìlara ni mo fi ń ka ìwé yín. Lọ́dún 2011, ẹ tẹ iye ènìyàn jáde fún abúlé tó lé ní 640,000, tó fi mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú wọn mọ́ ṣùgbọ́n tí orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ abúlé kọ̀ọ̀kan, àgbègbè kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Kò sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ láyé tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Tábìlì tí ẹ kọ iye wọ̀nyẹn sí ti mọ́ mi lára. Iye ilé, iye ènìyàn, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, àwọn tó mọ̀wé, àwọn tí kò mọ̀wé. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ro oko ara wọn, àwọn tó ń gba iṣẹ́ oko ṣe fún ẹlòmíràn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, àwọn tí kò ṣiṣẹ́. Àti òpó méjì tó dá yàtọ̀: SC àti ST. Fún àwọn ará ilé mi tó ń ka lẹ́tà yìí: SC (Scheduled Castes) ni àwọn ìran tí àwọn yòókù ti ń kà sí aláìmọ́ láti ayébáyé, tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n pọnmi nínú kànga tàbí kí wọ́n wọ tẹ́ńpìlì, tí ìjọba òmìnira wá kọ orúkọ wọn sínú òfin kí ó lè dáàbò bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pe ara wọn ní Dalit. ST (Scheduled Tribes) ni àwọn ẹ̀yà tí òfin kọ orúkọ tiwọn náà sílẹ̀, tí púpọ̀ wọn ń gbé inú igbó àti orí òkè. Lọ́dún 2011, SC jẹ́ ìdá 16.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Íńdíà, ST sì jẹ́ ìdá 8.6.

Ẹni tó bá wà nínú méjèèjì yìí ní òpó tirẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú wọn kò ní òpó kankan. Àfi kí a yọ SC àti ST kúrò nínú àpapọ̀ abúlé, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni òun. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará Íńdíà ló wà nínú ìṣẹ́kù yìí, òun gan-an ni mo sì tìtorí rẹ̀ mú gègé.

Ẹ jẹ́ kí n mú Palanpur, abúlé kan tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mọ̀ bí ẹni mowó. Àgbègbè Moradabad ló wà, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, lẹ́bàá ojú irin, kò sì jìnnà sí ìlú Chandausi. Láti ọdún 1957 ni àwọn olùwádìí ti ń lọ síbẹ̀ léraléra, tí wọ́n ń ka gbogbo ilé láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ènìyàn 528 ni wọ́n bá nígbà àkọ́kọ́. Ní 1983, wọ́n ti di 960. Ní 1993, wọ́n di 1,133. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí abúlé Íńdíà ṣe rí nínú, ibẹ̀ ni mo máa ní kí ó lọ wò.

Jati mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gbé Palanpur. Jati ni ìran tí a bí kálukú sí, tó ń pinnu ẹni tó lè fẹ́, ẹni tó lè bá jẹun, àti ní ìgbà àtijọ́, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe. Àwọn Thakur àti àwọn Murao ló pọ̀ jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìdá kan nínú mẹ́rin abúlé. Ìran jagunjagun àti olówó ilẹ̀ ni Thakur ń pe ara wọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí ọwọ́ ara wọn kan iṣẹ́ erùpẹ̀. Murao ní tiwọn jẹ́ àgbẹ̀ paraku. Nígbà tí òfin fagi lé ètò zamindari ní àwọn ọdún 1950, tí àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ wá di olówó ilẹ̀ fúnra wọn, Murao ni inú wọn dùn jù. Wọ́n wa kànga, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n gbin àlìkámà irú tuntun, owó dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Thakur du ipò olórí abúlé. Lẹ́yìn àwọn méjì yìí, Gadaria wà, ìran àwọn adáàgùntàn. Dhimar wà, tí iṣẹ́ wọn láyé àtijọ́ jẹ́ omi pípọn. Passi wà. Teli wà, àwọn tó ń fún òróró, Dhobi sì wà, àwọn alágbàfọ̀. Mùsùlùmí ni Teli àti Dhobi ibẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Jatab, ìran àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ awọ, tí òde òní ń bá ní ibi tí wọ́n ti ń mọ bíríkì tàbí lórí oko olóko.

Ẹ wá gbé abúlé yìí sínú tábìlì yín. Jatab á bọ́ sínú òpó SC. Thakur, Murao, Gadaria, Dhimar, Teli, gbogbo wọn á di ìṣẹ́kù kan náà. Ọmọ ìran tó ti jẹ gàba lórí abúlé láti ọjọ́ pípẹ́ àti ọmọ adáàgùntàn tí kò ní ju àgùntàn mẹ́ta lọ, iye kan ṣoṣo ló kó wọn pọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìwé síbẹ̀ kò lè mọ àwọn ta ni ọmọ wọn kò lọ. Nígbà ìwádìí 1983, obìnrin tó mọ̀wé ní Palanpur kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà níbẹ̀. Àwọn Murao tí oko ti sọ di olówó kò fi ilé ìwé ṣe bàbàrà bíi ti àwọn Thakur tí iṣẹ́ oṣù ń wù. Ìtọ́jú tó bá Murao mu kò lè bá Jatab mu. A kò lè rí èyí nínú ìwé yín láé, àwọn tó wà ní Lucknow, olú ìlú Uttar Pradesh, àti Delhi tí wọ́n ń pín owó kò sì lè rí i.

Ọ̀rọ̀ Dhobi dùn mí ju ti àwọn yòókù lọ. Ní Uttar Pradesh, Dhobi tó jẹ́ Híńdù wà nínú ìwé SC. Dhobi tó jẹ́ Mùsùlùmí kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà, aṣọ kan náà lórí, odò kan náà. Àṣẹ ààrẹ ti ọdún 1950 ló fa ààlà náà: Híńdù nìkan ló lè jẹ́ SC. Wọ́n fi Síìkì kún un ní 1956, wọ́n fi ẹlẹ́sìn Búdà kún un ní 1990. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ṣì wà níta. Ní 2022, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ K. G. Balakrishnan, ẹni tó ti jẹ́ adájọ́ àgbà Íńdíà, láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yín ló ń ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ wo ló lè dá ẹjọ́ náà dáadáa nígbà tí kò sí ibi kankan nínú ìwé abúlé tí a ti rí orúkọ Dhobi Mùsùlùmí kọ sílẹ̀?

Nínú ìwé yín kan náà ni ẹ̀rí wà pé ó lè rí bí mìíràn. Àwọn ará ilé mi kò mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà wà ní abúlé Íńdíà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn. Siddi ni orúkọ wọn. Kì í ṣe Yorùbá, mi ò ní purọ́. Apá ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ọkọ̀ òkun ti kó àwọn baba ńlá wọn, ọ̀pọ̀ bí ẹrú, àwọn mìíràn bí ọmọ ogun àti atukọ̀. Abúlé Jambur wà ní Gujarat, lẹ́bàá igbó Gir tí kìnnìún ń gbé, Siddi ló kún ibẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Hirabai Lobi ti jáde, obìnrin tí ìjọba Íńdíà fún ní oyè Padma Shri ní 2023 nítorí iṣẹ́ tó ṣe fún àwọn obìnrin àti ọmọdé ìran rẹ̀. Àwọn Siddi mìíràn wà ní Karnataka, ní agbègbè Yellapur àti Haliyal, nínú igbó Uttara Kannada. Ẹ̀sìn mẹ́ta ni àwọn tí Karnataka pín sí: Híńdù wà, Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà. Nígbà tí òfin wá kọ Siddi Karnataka sínú ìwé ST ní 2003, kò bi ẹnikẹ́ni pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe, nítorí ST kò mọ ẹ̀sìn. Siddi ni Siddi. Gbogbo wọn kò tó 20,000 nínú orílẹ̀-èdè tó ju bílíọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ a mọ iye wọn. Ó dùn mọ́ mi nínú. Bí ẹ bá lè mọ iye àwọn èèyàn mi tí omi òkun gbé wá, kí ló dé tí a kò lè mọ iye Gadaria?

Ohun kejì wà tí ó wúwo lọ́kàn mi, ìyẹn àdúgbò.

Lọ́dún 1830, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Charles Metcalfe kọ ọ́ pé àwọn abúlé Íńdíà dà bí ìjọba kékeré tó dá dúró, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má nílò ohunkóhun láti òde. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn sì ń sọ ọ́ títí di òní. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 1948, nígbà tí B. R. Ambedkar ń gbé ìwé òfin tuntun kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe é, ó ta ko ọ̀rọ̀ yìí gidigidi. Inú ìran Mahar, ọ̀kan nínú àwọn ìran Dalit, ni wọ́n ti bí Ambedkar. Ó mọ̀ pé Mahar kì í gbé inú abúlé. Ẹ̀yìn abúlé ni àdúgbò tiwọn máa ń wà. Ẹni tí wọ́n bá ti lé sí ẹ̀yìn ògiri kò lè gbà pé gbogbo wa jẹ́ ọ̀kan.

Ó rí bẹ́ẹ̀ di òní ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Tamil Nadu, ur ni ibi tí àwọn ìran ńlá ń gbé, cheri ni ibi tí àwọn Dalit ń gbé. Oko lè wà láàárín méjèèjì. Ní Maharashtra, orúkọ ìran ni wọ́n fi ń pe àdúgbò, títí di oṣù Kejìlá 2020 tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò náà ṣì wà níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ ni kànga rẹ̀ àti ọ̀nà ẹrẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1968, ní Kilvenmani ní ilẹ̀ Thanjavur, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí owó iṣẹ́ oko, ènìyàn 44 ló jóná mọ́ inú ahéré kan nínú cheri. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo Íńdíà ló mọ orúkọ cheri yẹn nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ cheri ló wà tí orúkọ wọn kò tíì jáde rí, tí iye wọn wà nínú iye abúlé tó wà lódìkejì oko.

Bí abúlé kan bá ní iná mànàmáná nínú ìwé yín, ta ni iná náà tàn fún? Bí ẹ bá kọ ọ́ pé omi ẹ̀rọ wà, àdúgbò wo ni ẹnu ẹ̀rọ náà wà? Àwọn tó ń lọ sí abúlé mọ̀ pé ọ̀dà títì sábà máa ń tán ní ibi tí ilé àwọn ńlá bá tán.

Kò sì jẹ́ ohun tí ẹ kò lè ṣe. Ẹ ti ń ṣe ìdajì rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá kọ́kọ́ lọ ka ilé, wọ́n máa ń ya àwòrán ibi tí kálukú ń gbé, wọ́n á fi nọ́ńbà sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òṣìṣẹ́ kan máa kà kì í ju ènìyàn bí 650 sí 800 lọ. Àdúgbò ti wà nínú àwòrán yẹn ná. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àròpọ̀ ni ẹ ń pa á rẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Láti 1993 ni òfin panchayat, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso abúlé, ti sọ ọ́ pé iye SC àti ST tó wà níbẹ̀ ni yóò pinnu iye àga tí wọn yóò ní, ìdá kan nínú mẹ́ta àga sì jẹ́ ti àwọn obìnrin ó kéré tán. Tábìlì yín ni ó ń pín àga náà. Òfin oúnjẹ ti ọdún 2013 sọ pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará abúlé ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrẹsì tàbí àlìkámà ìjọba, iye ènìyàn tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ sì jẹ́ ti 2011. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2012 ti dàgbà tó láti dáná ìrẹsì yẹn fúnra rẹ̀, kò sì sí nínú iye tí wọ́n fi pín in. Ẹ̀bi yín kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àjàkálẹ̀ Kòrónà ló ba ti 2021 jẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógún láàárín ìkànìyàn méjì ti pọ̀ jù fún orílẹ̀-èdè tí kò jẹ́ kí ọdún mẹ́wàá kan yẹ̀ láti 1881.

Ohun kan tún wà nínú ìwé 2011 tó yẹ kó ti dẹ́rù ba gbogbo ìjọba. Ní 2001, mílíọ̀nù 127 ènìyàn ló ń ro oko tiwọn, mílíọ̀nù 107 ló ń gba iṣẹ́ oko ṣe. Ní 2011, àwọn tó ń ro oko tiwọn ti dín kù sí mílíọ̀nù 119, àwọn alágbàṣe oko sì ti di mílíọ̀nù 144. Láàárín ọdún mẹ́wàá, alágbàṣe ti pọ̀ ju olóko lọ. Ta ni ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn? Ṣé Murao ni? Ṣé Gadaria? Ṣé àwọn ìran kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ? Ìbéèrè tí ìkànìyàn nìkan lè dáhùn abúlé sí abúlé nìyí, òpó tó lè dáhùn rẹ̀ ni kò sì sí.

Nísinsìnyí, òpó náà ń bọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2025, ìjọba yín kéde pé ìkànìyàn tó ń bọ̀ yóò bi gbogbo ènìyàn ní jati wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1931. Mo yọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìbẹ̀rù tẹ̀ lé ayọ̀ náà, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ṣáájú. Ní 2011 náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìkà mìíràn tó bi àwọn èèyàn ní jati àti ohun ìní. Ní 2015, wọ́n gbé apá ohun ìní jáde, a sì rí i pé ó lé ní ìdajì ilé abúlé tí kò ní ilẹ̀ kankan. Apá jati kò jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní 2021, ìjọba ṣàlàyé pé orúkọ jati tí wọ́n rí kọ lé ní 4,600,000, nígbà tí ti 1931 jẹ́ 4,147 péré. Ọ̀kan kọ orúkọ ìdílé, ìkejì kọ orúkọ gotra, ìyẹn orúkọ agbo ilé baba ńlá rẹ̀, ìkẹta kọ orúkọ kan náà ní ọ̀nà mìíràn, òṣìṣẹ́ sì kọ ohun tó gbọ́ láìbéèrè. Àwọn ará abúlé ṣe tiwọn, wọ́n jókòó, wọ́n dáhùn. Ìdáhùn wọn wọ àpótí, kò jáde mọ́.

Bihar fi hàn pé a lè ṣe é kó yọrí. Ìpínlẹ̀ náà ka jati gbogbo ará rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 2023, a rí i pé àwọn ìran tí wọ́n ń pè ní ẹni tó rẹ̀yìn jùlọ, àwọn amọ̀kòkò, ahunṣọ, apẹja àti irú wọn, jẹ́ ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún Bihar. Àwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ta ló lè fi ìdánilójú sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà? Ẹ ṣe ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìran kékeré yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ inú fóònù òṣìṣẹ́, nítorí àwọn ni àṣìkọ máa ń gbé lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí òṣìṣẹ́ bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá ilé nìkan ló ń dáhùn, yóò sọ pé ìyàwó òun kò ṣe nǹkan kan, obìnrin tó jí láàárọ̀ tó fún wàrà màlúù, tó gé koríko, tó sì lọ ro oko. Ní Haryana níbi tí ẹ ti rí obìnrin 879 péré fún ọkùnrin 1,000 ní 2011, ohùn obìnrin tó kù nílé ṣe pàtàkì púpọ̀. Àti ti àwọn tó lọ sí ìrìn-àjò iṣẹ́: oṣù Kejì tí ẹ ń ka èèyàn ni àwọn ará Beed ní Maharashtra wà ní ibi tí wọ́n ti ń gé ìrèké, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ, ilé wọn tì pa. Àwọn Dalit, ìran Banjara àti ìran Vanjari pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ kò bá wá wọn lọ sínú àgọ́ ìrèké, ẹ̀yà abúlé náà gan-an á yí padà nínú ìwé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, kò sì yẹ kí n fojú fò ó. Wọn á ní bí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde pé Dhobi ilé mẹ́ta ló wà ní abúlé kan, a ti fi wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin ìkànìyàn yín ti 1948 pa á láṣẹ pé ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣírí, ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ilé ìran kan kò bá tó mẹ́wàá, ẹ kó wọn pọ̀ mọ́ ti abúlé tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ará abúlé mọ ara wọn. Ẹni tó fẹ́ ṣe Dalit ní jàǹbá kò nílò tábìlì yín láti mọ ibi tí ilé rẹ̀ wà. Àwọn tí kò mọ̀ ni àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pín kànga, títì àti olùkọ́. Àwọn mìíràn á ní kíka jati ló ń sọ jati di alágbára. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí ìkànìyàn Íńdíà kò fi ka jati gbogbo ènìyàn, jati kò sì kúrò nínú abúlé fún ọjọ́ kan.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: kí ó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2027, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé iye jati yóò jáde dé ìpele abúlé, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ nìkan, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí yóò jáde. Ẹ fi òpó àdúgbò kún tábìlì abúlé, pẹ̀lú iye ilé tó ní omi, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní èdè tí abúlé náà ń sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi tábìlì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí abúlé tó ni ín. Gram sabha wà, ìpàdé tí gbogbo ará abúlé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lè wá, wọ́n sì máa ń pè é ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní àti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé panchayat ka iye náà sókè níbẹ̀, àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta láti kọ̀wé padà bí wọ́n bá rí i pé a fo ilé kan.

Èmi ni tiyín,
òǹkàwé kan láti ilẹ̀ Yorùbá.